Mọ́tò Tó Ń Kú Bó Bá Ti Dúró

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo dúró ní Bẹẹrẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń retí àwọn obìnrin tó ń gbé ẹrù bọ̀ láti Ọjà'ba, ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ bó ti máa ń ṣe. Lójijì ni pákó tí mo gbé ẹsẹ̀ lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò sí mọ́tò ìgbà náà tí kì í gbọ̀n, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n eléyìí ń wá, ó ń lọ, bí ẹni tí òtútù ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Gíláàsì àtùpà iwájú ń mì nínú ilé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi irin yí i, ó dìde. Mo rò pé ó tán nìyẹn. A kó ẹrù àwọn obìnrin náà sókè, a sì gbéra. Lójú ọ̀nà, mọ́tò náà ń sáré bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó tilẹ̀ gun òkè Mápó láìmí hẹlẹ. Àmọ́ níbikíbi tí a bá ti dúró kí èrò lè sọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á wúkọ́, á kú.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun kan níbí fún ẹ̀yin tí irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò yín. Bí mọ́tò bá dúró lójú kan, tí awakọ̀ kò fún un ní epo kún epo, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí fúnra rẹ̀, àwa awakọ̀ ń pe ìyẹn ní sílò. Ìsinmi mọ́tò nìyẹn. Èyí tí ara rẹ̀ le lè wà ní sílò títí tí ẹ ó fi jẹun tán, tí ẹ ó sì fọ ọwọ́. Tèmi kò lè sinmi. Nígbà náà, kò tíì sí bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kí mọ́tò dìde. Irin wíwọ́ kan ni a máa ń kì bọ imú mọ́tò láti iwájú, tí a ó fi gbogbo agbára fà á sókè kí ẹ́ńjìnnì tó gbéra. Mọ́tò tó bá ń kú ní gbogbo ibùdókọ̀, apá awakọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ju ti iṣẹ́ lọ ni ìlérí tí mo ṣe fún ìyá mi. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé nínú agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká. Ọ̀yọ́ ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Àbẹ̀kẹ́, lọ sílé ọkọ sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ṣì gbé wọn, wọ́n máa ń rìn lọ bá ara wọn. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kọ̀. Oníṣòwò kan tó ti Ọ̀yọ́ bọ̀ ló wá sọ fún wa pé ojú Àbẹ̀kẹ́ ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, pé kò sì bẹ Ọlọ́run ní ohun méjì, àfi kí òun rí ojú ẹ̀gbọ́n òun kí òkùnkùn tó bo tòun tán. Ìyá mi fi ìborùn bojú. Mo ní, "Ìyá, ẹ má sunkún. Mọ́tò ni n óò fi gbé yín lọ." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ àìsàn.

Mo rò pé mo lè fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó jáde sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mọ́tò níbi tó ti ń gbọ̀n.

"Àjàní, kí ló ń ṣe é?"

"Kò sí nǹkan, Ìyá."

Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mọ́tò wúkọ́ tó sì kú.

"Kò sí nǹkan kẹ̀?" Ìyá mi yí i po, ó ń wò ó bí ẹni wo aláìsàn. "Ẹni tó bá ń gbọ̀n báyìí, orí ẹní là ń gbé e sí, a kì í ní kó gbé èèyàn rìn. N ò wọ̀ ọ́ o. Ẹ wò ó sàn ná."

Sàlámọ̀tù ìyàwó mi, tó ń ta epo pupa l'Ọ́jà'ba, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn.

Epo ni mo kọ́kọ́ fura sí. Inú agolo ni bẹntiróò ti ń wá nígbà náà, omi sì máa ń ráyè wọ inú rẹ̀. Omi kì í jóná, bó bá ti dé inú ẹ́ńjìnnì, wàhálà dé. Mo da gbogbo epo inú táǹkì jáde, mo fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, mo tún un dà padà. Mọ́tò dìde, ó sáré, ó dúró, ó kú.

Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Jémíìsì. Ọ̀rẹ́ mi ni, a sì jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ, Èkó ló ti kọ́ iṣẹ́ fítà, ìyẹn iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó sì ní ibi iṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ Mápó. Bí Jémíìsì bá fẹ́ wo mọ́tò, kì í fi ọwọ́ kàn án kíá. Á kọ́kọ́ jókòó tì í, á di ojú, á máa gbọ́ ọ. Ó gbọ́ tèmi títí ó fi kú mọ́ ọn létí.

Púlọ́ọ̀gì ló kọ́kọ́ yọ. Púlọ́ọ̀gì ni ohun tó ń ṣẹ́ iná sínú ẹ́ńjìnnì kí epo lè gbiná. Bí ẹnu rẹ̀ bá dọ̀tí, iná rẹ̀ kì í mú. Jémíìsì fi kẹrosíìnì àti wáyà fọ gbogbo wọn, wọ́n ń dán. Ara mọ́tò rọ̀ díẹ̀, ó tó kí n yọ̀, kò tó kí n délé. Lẹ́yìn èyí ló kan kabúrétọ̀. Ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò mọ́ra kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, bí ẹni ń po ògì. Bó bá ki jù, kò ní ṣeé mu. Bó bá ṣàn jù, kò ní yóni. Jémíìsì yí ìdè kékeré kan tó ń sọ bí epo yóò ṣe pọ̀ tó síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn mọ́tò á figbe ta bí ẹni tí wọ́n ta omi gbígbóná sí lára, nígbà mìíràn á kú láìdágbére.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìdúródè ibẹ̀ ṣòro ju àìsàn lọ. Lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi ni mo ń jókòó sí. Gbogbo ẹni tó bá ń ti Ọjà'ba gòkè bọ̀ ló ń kí mi. "Ẹ kú ìdúródè o. Ara rẹ̀ ti ń yá?" Àwọn míì ń bi mí bóyá ó ti jẹun. Mo ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́, pé ó sàn ju tàná lọ, bí ìgbà tó jẹ́ pé mo ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, Jémíìsì nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Làmídì, n ò tíì mọ̀ ọ́n. Fún mi láyè kí n rò ó." Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i fún ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn kan ì bá ti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn kò mọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ó kan èmi fúnra mi, ní Bẹẹrẹ níbi tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pá kékeré kan wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ tí a fi ń darí mọ́tò ìgbà náà tó ń sọ ìgbà tí iná yóò ṣẹ́. Kí a tó yí irin, a ó gbé ọ̀pá náà sókè kí iná lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́. Mo gbé e sókè bí mo ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n mọ́tò ti tú ìdè rẹ̀, ó sì rọra yọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe fa irin, iná ṣẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó, irin náà sì tàpá padà.

Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Ó dún bí igi gbígbẹ tí a ṣẹ́ lórúnkún. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi, mo rí i pé ó tẹ̀ síbi tí ọrùn ọwọ́ kì í tẹ̀ sí. Ìgbà náà ni ìrora wá dé. Ó gba apá gòkè dé èjìká, ojú mi ṣú, ẹnu mi korò. Mo jókòó sórí erùpẹ̀ ní Bẹẹrẹ, mo gbé ọwọ́ náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rányàn ni wọ́n gbé mi lọ, sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń to eegun. A bá àwọn míì níbẹ̀, ọ̀kan já bọ́ lórí ọ̀pẹ, òmíràn yọ̀ ṣubú létí odò. Nígbà tó kàn mí, bàbá náà fi ìka wá gbogbo ọrùn ọwọ́ mi yíká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Ó ní, "Kí lorúkọ ìyá ẹ?" Kí n tó pè é tán, ó ti fà á. Igbe tí mo ké, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní agbo ilé kejì. Ó fi òrí pa á, ó to ọparun pẹlẹbẹ yí i ká, ó dì í, ó ní kí n máa padà wá kí òun máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dára. Mi ò rí oorun sùn dáadáa, ìka mi wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sàlámọ̀tù ló ń bu òkèlè sí mi lẹ́nu. Ìyá mi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọparun náà, bí ẹni pé ọparun ló ń dùn mí.

Ìgbà tí mo padà lọ sí Ọ̀rányàn ni bàbá yẹn bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ìgbà wo ló ń dùn ọ́ jù? Bó o bá lò ó ni, àbí bó o bá gbé e jókòó?"

Mo ní, "Baba, bí mo bá lò ó ni. Bí mo bá ti gbé e jókòó, ó ń rọlẹ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dunni lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó ń dunni níbi ìsinmi, ọ̀tọ̀ ni. Inú lọ́hùn-ún ni mo ti ń wá ìyẹn."

Mo ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà ń bá mi rìn. Mọ́tò mi kò sí lára àwọn tó ń rí ìrora lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń sáré, ó ń gòkè, ó ń ru ẹrù. Ìsinmi ni kò lè ṣe. Ǹjẹ́ púlọ́ọ̀gì tí kò dára lè gun òkè Mápó? Ṣé epo tó lómi nínú lè gbé èrò dé Ọjà'ba? Mi ò délé mọ́, ọ̀dọ̀ Jémíìsì ni mo yà sí.

Jémíìsì gbọ́ mi tán, ó jókòó, ó di ojú. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tó ń fa tábà nínú ìkòkò. Jémíìsì la ojú, ó ń wo bàbá yẹn.

Ó ní, "Làmídì, bí ìkòkò tábà bá sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, báwo ló ṣe máa ń rí?"

Mo ní, "Bí èèyàn bá fà á gidi, èéfín á wá. Bó bá rọra fà á, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa bá lẹ́nu."

Àwa méjèèjì wo ara wa. Kò tún sí àlàyé tí a ń wá mọ́. Bí mọ́tò bá ń sáré, ó ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ gba ẹnu kabúrétọ̀, díẹ̀ tó bá jò wọlé láti ibòmíràn kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bó bá ń sinmi, ẹnu díẹ̀ ló fi ń fà á. Díẹ̀ tó jò wọlé náà á wá pọ̀ jù fún un, ògì rẹ̀ á ṣàn, á kú. Ihò kan wà níbì kan. Ó kù ká rí i.

Jémíìsì tẹ̀ lé mi délé, torí àwọn èèyàn ti bá mi tari mọ́tò náà débẹ̀ láti Bẹẹrẹ lẹ́yìn tí ọwọ́ mi ṣẹ́. Wàhálà kan ló kù. Èmi kò lè yí irin, Jémíìsì sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Sàlámọ̀tù gbé ìkòkò epo rẹ̀ kalẹ̀, ó so ìró rẹ̀ le. "Ẹ sún sẹ́yìn, Bàbá Ràfíù. Ẹ jẹ́ n wò ó."

"Irin yìí ló ṣẹ́ mi lọ́wọ́ o."

"Mo mọ̀. Ẹ sọ bí mi ò ṣe ní jẹ́ kó ṣẹ́ tèmi fún mi."

Jémíìsì kọ́kọ́ gbé ọ̀pá iná sókè, ó sì fi okùn dè é kó má lè yọ̀ mọ́. Mo kọ́ ìyàwó mi pé kó má fi àtàǹpàkò yí irin ká, kí gbogbo ìka márùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, kó fà á sókè, kó má ṣe tì í sísàlẹ̀ láé. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn bẹ́ẹ̀. Sàlámọ̀tù ṣe bisimilahi, ó fà á. Mọ́tò dìde lẹ́ẹ̀kan náà! Àwọn ìyàwó ilé hó yèè, wọ́n ń pè é ní awakọ̀, ìyá mi sì ń pàtẹ́wọ́ lórí ìjókòó rẹ̀.

Bí mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Jémíìsì wò yíká. "Ìyá Ràfíù, ẹ fún mi ní epo díẹ̀, kó ki." Ó ki ìyẹ́ adìẹ bọ epo pupa, ó ń fi í kan gbogbo oríkèé páìpù tó gbé afẹ́fẹ́ àti epo wọ ẹ́ńjìnnì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kan ti òkè, kò sí ìyàtọ̀. Ó kan ti ẹ̀gbẹ́, kò sí. Ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ sábẹ́, níbi tí kabúrétọ̀ ti pàdé páìpù, ó fi ìyẹ́ náà pa á.

Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Ẹ ti gbọ́ ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀, tí ìyá rẹ̀ wá fún un lọ́mú? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agbo ilé ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹrí ba wò ó. Mo rí epo pupa tó ń wọ inú àlàfo kan bí okùn tín-ín-rín, mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń fà á mu. Epo yẹn ló dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó fà á mu tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jémíìsì tún pa á, ó tún dákẹ́. A ṣe é títí, bí ọmọdé, à ń rẹ́rìn-ín. Jémíìsì tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ gbá mi mọ́ra, ó gbàgbé ọwọ́ mi, mo ké, a tún rẹ́rìn-ín.

Ohun tó bàjẹ́ kò tóbi. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn páálí tí a máa ń fi sáàárín irin méjì kí afẹ́fẹ́ má bàa gba àárín wọn kọjá. Ó ti gbẹ, ó ti ya, ìdè tó mú un sì ti tú díẹ̀. A nílò páálí tó nípọn tó dán láti gé òmíràn, Jémíìsì kò sì ní irú rẹ̀. À ń jíròrò bí a ó ṣe ránṣẹ́ s'Ékòó nígbà tí ìyá mi dìde wọlé. Ó gbé páálí kan jáde, èyí tí aṣọ rẹ̀ tó dára jù lọ bá wá láti ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ náà wà ní èjìká rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gé e."

Jémíìsì ní, "Ìyá, níbo lẹ ó wá kó aṣọ yín sí?"

"Ara mi ló máa wà. Ṣé mi ò ní wọ aṣọ lọ s'Ọ́yọ̀ọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo òrí Ọ̀rányàn lọ. Jémíìsì gbé ẹnu kabúrétọ̀ lé páálí náà, ó fa ìlà yí i ká, ó gé e, ó rẹ ẹ́ sínú òróró, ó tò ó sáàárín, ó sì dè é mọ́ra díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má bàa wọ́. Sàlámọ̀tù yí irin. Mọ́tò dìde, ó sì jókòó sí sílò bí ẹni jókòó sórí àga. Ọkùnrin kan tó ń kọjá tilẹ̀ dúró bi wá bóyá ó ti kú ni àbí ó ń ṣiṣẹ́.

A dúró kí ọwọ́ mi sàn kí a tó lọ. Bàbá Ọ̀rányàn tú ọparun náà, apá mi ti gbẹ bí igi ìdáná, ìka mi ò sì gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ọwọ́ náà fún ẹ̀kọ tútù pọ̀ kí agbára lè padà sí i. Ó padà, kò padà tán. Títí di òní, mi ò lè yí ọwọ́ náà kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè pátápátá. Bí mo bá ń ṣe àdúà, ọ̀kan máa ń tẹ̀ díẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run mọ èyí tí mo ní lọ́kàn.

Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lọ s'Ọ́yọ̀ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di pákó mú, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀. Kí a tó rìn jìnnà, ó ti ń juwọ́ sí àwọn tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kí wọn kú ìrìn. Gbogbo ibi tí a ti dúró, yóò tẹ́tí. "Ó ṣì wà láàyè?" Màá ní, "Ó wà, Ìyá." Yóò ní, "Alihamudulilahi."

Nígbà tí a dé ilé Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ti mú un jáde sí ojúde. Ìyá mi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri. Àbẹ̀kẹ́ kò dúró, ó tẹ̀ lé ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀, ó na ọwọ́ síwájú, wọ́n sì gbé e gòkè wá bá a. Ó fa ojú ìyá mi mọ́ra, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì kù sí fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti darúgbó."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi sọ̀ kalẹ̀ fún wọn. Mo fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ mi dúró. Mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn arúgbó méjì jókòó sínú mọ́tò tó wà ní sílò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oríṣiríṣi ní ohùn jẹ́jẹ́, kò sì sí èyí tó ní kí èkejì tún un sọ. Nígbà tó pẹ́, Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́ kan pákó iwájú rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Nǹkan yìí ń mí."

Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó ń mí."

Ẹni tí ara rẹ̀ bá le kì í ronú nípa èémí rẹ̀. Èmi náà kì í rò ó tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ni mo ń wò, ẹrù tó ń rù, òkè tó ń gùn. N kò mọ̀ pé sùúrù tó fi ń sinmi pẹ̀lú jẹ́ ohun tí à ń dúpẹ́ fún. Báyìí, bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó dìde ṣe àlùwàlá, mo máa ń dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí n gbọ́ ara mi. Àyà mi á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. Ìyá Ràfíù á máa mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo máa ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí n tó dìde.